Ìlú le lóòótọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọjà yín sùn: bí a ṣe ń polówó n'Ìkòròdú láì náwó rẹpẹtẹ

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú àfaradà. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ìyá tó ń ta próvísọ̀n, télọ̀, onígèlè, ẹni tó ń dín búnsì, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí ọjà ò bá tà lọ́sàn-án ọbẹ̀ alẹ́ á ṣàn. Báńà àti sítíkà ni mò ń tẹ̀ n'Ìkòròdú níbí, kò sì sí irú oníṣòwò tí kì í wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ohun tí mo sì ń rí ni pé tí nǹkan bá ti le, owó ìpolówó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé, wọ́n á wá máa fi ẹnu ara wọn polówó ìṣòro. Kọ́sítọ́mà wọlé wá ra ọṣẹ, kó tó gba ṣéńjì ẹ̀ ó ti gbọ́ ìtàn rẹ́ǹtì, ó ti gbọ́ ti owó iná, ó ti gbọ́ ti ọkọ tí wọn ò tíì sanwó oṣù fún. Ẹni yẹn náà ní tiẹ̀ nílé o! Lọ́jọ́ mìíì á gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí wọ́n á ti ta ọṣẹ fún un, tí wọ́n á kí i pé ó dàárọ̀, kó máa lọ.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìgbà tí ara òwò ò yá gan-an lẹ wá fẹ́ da àgúnmu nù, ẹ gbà mí o.

Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wí kẹ́ ẹ tó lanu

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi ara yín pé kí ló ń dun kọ́sítọ́mà yín jù báyìí. N'Ìkòròdú tiwa yìí, owó ọkọ̀ ni. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu dúró níbi ìbúra tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí wọ́n ń tà ní bíi ₦190 ló fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì padà síbi tó wà mọ́, ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti gáréèjì lọ Mile 12 tàbí Kẹtù mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó ilé á ní òun ń lọ ra ata ní Mile 12 torí ó fi díẹ̀ pọ́ọ́kú ju ti Sábó lọ. Báyìí, á kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, owó alábàárù, àti oòrùn tó máa pa á nínú go-slow, á wá jókòó.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni tiyín wà. Ẹni tí kò lè lọ jìnnà mọ́ ń wá ẹni tó wà nítòsí, ṣé ó mọ̀ pé ẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ "ojúlówó ọjà ní owó pọ́ọ́kú", gbogbo ayé ló ń kọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé "Tòmátì àti rodo Mile 12, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́sítọ́ọ̀pù Agric, owó ọkọ̀ yín wà lápò yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ sí ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Àmọ́ kó jẹ́ òótọ́ o. Ká ní owó tiyín fi ₦300 ju ti Mile 12 lọ, tí àlọ àtàbọ̀ sì ju ₦1,000 lọ, ẹ lè gbẹ́nu sókè. Tó bá jẹ́ pé ₦1,500 lẹ fi wọ́n jù wọ́n lọ, kọ́sítọ́mà náà mọ ìṣirò, ẹ wá nǹkan mìíì sọ.

Ọ̀rọ̀ báńà

Èyí niṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ n fẹsẹ̀ lé e dáadáa. Àǹtí kan wá láti Ìtá-Ẹlẹ́wà, ó mú ìwé ẹ́kísásáìsì wá, ojú ewé kan gbáko: gèlè, méékọ́ọ̀pù, zóbò, kétárìn, dẹkoréṣọ̀n, POS, dátà, aṣọ òkìrìkà, ó tún ní òun ń gba ọmọ iṣẹ́. Mo ní "Àǹtí, èwo ló ń mówó wọlé jù nínú gbogbo ẹ̀?" Ó ronú díẹ̀, ó ní "Gèlè ni o, tó bá ti di Sátidé mi kì í ráyè jẹun." Mo ní gèlè la máa kọ nìyẹn. Ó bínú, ó ní owó òun lòun fẹ́ fi ṣe é, kí n kọ gbogbo ẹ̀. Mi ò bá a jà, mo gbé báńà ẹlòmíì tó kún fọ́fọ́ bíi tiẹ̀ síta, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ nà án mọ́ géètì tó wà lódìkejì títì, mo ní "Àǹtí, ẹ bá mi kà á." Ó ka "To God Be The Glory" tó wà lókè, ó ka orúkọ ilé-iṣẹ́, ó di ojú, ó tún la ojú, ó ní ìyókù ò ṣe é kà. Mo ní ẹ wá fojú inú wo ẹni tó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń sáré lọ Ìtamágà. Ó rẹ́rìn-ín. GÈLÈ la kọ, ó tóbi bí orí màlúù, ìsàlẹ̀ ẹ̀ la kọ "Sátidé, aago márùn-ún ìdájí la ti ń ṣí" sí, pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìyókù tó ń tà, inú ṣọ́ọ̀bù ni kó ti máa sọ ọ́ fún wọn, ṣebí wọ́n á jókòó tí wọ́n bá ń wé gèlè fún wọn.

Nítorí náà: ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà ni kó tóbi, orúkọ yín kó kéré. Nọ́ńbà kan, èyí tó wà lórí WhatsApp. Bí wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín, torí ọ̀pọ̀ àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà ilé tó ṣe é tẹ̀ lé, "ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá" dára ju "No. 14" lọ. Àwọ̀ dúdú lórí yẹ́lò tàbí búlúù lórí funfun, ẹ má jẹ́ kí dísáìnà kankan fi pupa sórí dúdú fún yín, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ kò sẹ́ni tó máa rí i. Fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ wà jáde nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ tó gbé sáìnbóòdù jáde síta, ẹ béèrè lọ́wọ́ LASAA, àwọn nìjọba Èkó fi sídìí ọ̀rọ̀ sáìnbóòdù láti 2006, wọ́n sì máa ń yọ èyí tí kò ní ìwé. Ẹ má sì lẹ pósítà mọ́ òpó iná tàbí ògiri onílé, ìjà nìyẹn ń fà, kì í fa ọjà.

Tówó báńà ò bá tíì sí, ẹ tẹ sítíkà kékeré tó ní orúkọ àkáǹtì àti nọ́ńbà ẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí kọ́sítọ́mà máa ń dúró sí. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023 tí owó tuntun dọ̀wọ́n tí aráyé ń sùn ní báǹkì? Sítíkà àkáǹtì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi já ilẹ̀kùn mi nígbà yẹn, torí ẹni tó gba tiransífà ló rí ọjà tà.

Fóònù yín

Ẹ wa WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ̀ ń ṣí àti aago tẹ́ ẹ̀ ń tì síbẹ̀, ẹ gbé ọjà yín sínú kátálọ́ọ̀gù ẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ẹ jọ̀ọ́, IYE OWÓ. Ẹ gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú "ẹ wá inbox fún price" yìí, nírú àsìkò yìí ẹni tí kò bá rí iye owó á rò pé ó ti ju agbára òun lọ, kò ní béèrè, ojú á tì í. Tí owó ọjà bá ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ kọ ọjọ́ sí i: "owó ẹyin lónìí, Ọjọ́bọ̀." Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà lọ́jọ́ kejì.

Ìyá kan ń ta ẹja l'Ẹ́búté, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra ní Ìpakodò, kò mọ̀wé kà púpọ̀, kò sì ní fọ́tò tó dáa kan. Ohun tó ń ṣe ni pé tí àwọn apẹja bá ti jálẹ̀ láàárọ̀, á tẹ fóònù mọ́ ẹnu á polówó bí wọ́n ṣe ń polówó láyé àtijọ́: "Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀bọ̀kún dé o, ẹpìyà dé o, akàn ṣì ń rìn nínú agbọ̀n, ẹ má jẹ́ kó bá ẹlòmíì lọ o!" Ẹ máa gbọ́ ariwo omi àti àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Á sọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ní ẹni tó bá fẹ́ kóun bá a yan án kó tètè wí. Èmi tí mi ò ní in lọ́kàn láti jẹ ẹja lọ́jọ́ yẹn, mo ti pè é rí torí ohùn ẹ̀ lásán. Wọ́n kọ́ wa ní ìpolówó kí Facebook tó dé, "Láńgbé jiná o!" la fi dàgbà, kí ló dé tí a wá ń kọ gẹ̀ẹ́sì "quality and affordable" káàkiri?

Bó ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí èrò lẹ́ẹ̀kan náà, broadcast ni wọ́n ń pè é. Lísìtì kan á gba 256 èèyàn, oníkálukú á sì rí i bíi pé òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe bíi group tí gbogbo wọn á máa dá àdúrà síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tí kò bá séèfù nọ́ńbà yín sórí fóònù ẹ̀ kò ní rí i gbà. Nítorí náà kí kọ́sítọ́mà tó kúrò lójú yín, ẹ ní "Màmá, ẹ bá mi séèfù nọ́ńbà yìí, ẹ kọ ọ́ ní Ẹlẹ́ja Ẹ́búté." Ẹ jẹ́ kí ọjà yín wà nínú orúkọ náà, torí lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ẹja, "ẹja" ló máa tẹ̀ wá.

Status WhatsApp náà dáa, àmọ́ wákàtí 24 ló fi ń wà níbẹ̀, ẹ má wá torí ẹ̀ gbé ogójì sí i lẹ́ẹ̀kan náà tí ìlà orí ẹ̀ á wá rí tótòtó bí ojú abẹ́rẹ́ télọ̀. Mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Fọ́tò, ẹ gbé ọjà sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kẹ́ ẹ yà á, ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run kì í gbowó.

Ẹ tún fi ṣọ́ọ̀bù yín sórí Google Maps, òun náà ò gbowó, ẹ kàn máa fi hàn wọ́n pé lóòótọ́ lẹ wà níbẹ̀. Àwọn àlejò tó ń kó wọ Ìgbógbó, Ijẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà kò mọ ẹnikẹ́ni, fóònù ni wọ́n ń bi.

Ẹni tó bá ní òun ò ní irinṣẹ́ tó dáa, kó lọ wo àwọn ọmọ Ikorodu Bois. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n, nǹkan inú ilé lásán ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù òyìnbó lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà tó di 2020 Netflix fúnra wọn rí i, wọ́n sì kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń báni polówó lọ́fẹ̀ẹ́

Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní ìkóríta yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù yín. Omi tútù kan lọ́sàn-án, ẹ kú iṣẹ́, ó parí. Tí àlejò bá bi wọ́n pé "níbo ni wọ́n ti ń rán aṣọ níbí", ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa gbé e wá. Ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ máa lọ, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dáwó tiransfọ́mà nìkan. Rédíò bíi Radio Lagos 107.5 tàbí Bond FM 92.9, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ìyá wa sì ń gbọ́ wọn, àmọ́ lójú tèmi ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tíì lè dé Ìkejà kò nílò kí Ìkejà gbọ́ orúkọ ẹ̀, ẹ fi owó yẹn ra ọjà ná.

Ẹ̀dínwó àbí ènì?

Ènì ni. Tẹ́ ẹ bá já owó wálẹ̀ lónìí, lọ́la wọ́n á ní owó àná làwọn fẹ́ san, owó tẹ́ ẹ fi ra ọjà ò sì wálẹ̀. Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá fi ata mẹ́ta lé tiẹ̀ lọ́wọ́ á rántí yín. Ẹ tún dí ọjà sí kékeré, torí ẹni tó ń ra kóńgò tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń ra dẹ́rìkà, ẹni tó ń ra dẹ́rìkà ń wá ìlàjì, ẹ má jẹ́ kó fi ìtìjú béèrè, ẹ ti dì í kalẹ̀ kẹ́ ẹ kọ owó ẹ̀ sí i lára. Èyí tí mi ò fọwọ́ sí ni kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí ẹ̀ wọnú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é, ẹ mọ ara yín. Ìyàwó ilé á lọ wọ̀n ọ́n nílé, lọ́jọ́ kejì gbogbo àdúgbò ti gbọ́, báńà tí mo bá tẹ̀ kò lè pa ìròyìn yẹn rẹ́.

Tó bá di ti àwìn, ẹ pinnu iye tẹ́ ẹ lè pàdánù láì sunkún, kẹ́ ẹ má kọjá ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú o, ọjà olówó ni mò ń tà báyìí, tó bá rọ̀ díẹ̀ a jọ máa ṣe é." Pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ mọ ìgbà tí owó ń wọlé

Èyí ni kò jẹ́ kí n tètè máa rẹ̀wẹ̀sì, torí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní "ọjà ò tà" àsìkò ni. Àwọn òṣìṣẹ́ fáktírì Odògúnyàn, ìparí oṣù lówó ń dé ọwọ́ wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í polówó láti ọjọ́ 24, kì í ṣe ọjọ́ 12. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí LASUSTECH, LASPOTECH tẹ́lẹ̀ kó tó di yunifásítì lọ́dún 2022, tí ọjà bá dákẹ́ lójijì, kẹ́ ẹ tó sọ pé ayé ló ń ṣe yín, ẹ bèèrè bóyá iléèwé ò ti wọ ọlidé. Ọ̀pọ̀ aráa wa ń wọ bọ́ọ̀sì BRT láti ìdájí, láti 2015 tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, alẹ́ ni wọ́n ń padà, ebi á ti pa wọ́n, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn laago mẹ́fà ti ti owó mọ́ta. Ọjọ́ Orò ńkọ́? Tí wọ́n bá ti kéde ẹ̀ pé kí obìnrin má jáde, ẹ ti polówó ṣáájú kí wọ́n wá ra tọjọ́ méjì sílé.

Kí ọkàn yín má bàa gbẹ

Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan le. Àmọ́ ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa ráhùn, kó má jẹ́ iwájú kọ́sítọ́mà. Tèmi, alájọṣe mi kan ni, tá a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù a ó jókòó, a ó sọ gbogbo ẹ̀, a ó bú ẹni tó yẹ ká bú, kálukú á wá lọ sílé ẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ tà lójoojúmọ́. Ìbẹ̀rù máa ń sọ fún èèyàn pé gbogbo oṣù ló bàjẹ́, ìwé á sọ pé rárá o, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló máa ń dákẹ́. Ẹ ya owó ṣọ́ọ̀bù sọ́tọ̀ sí owó ọbẹ̀, kódà bó jẹ́ inú ike mìlíìkì lẹ ń kó o sí, torí ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe pé ọjà ò tà, ó tà, wọn ò kàn mọ ibi tó gbà. Tẹ́ ẹ bá ń dá àjọ, ẹ dá iye tí kò ní mú yín sá fún alájọ. Gbogbo ìròyìn dọ́là yẹn náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó tó, wíwò ó láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní kó wálẹ̀.

Lọ́sàn-án tí kò bá sẹ́nì kankan, dípò kẹ́ ẹ máa na eṣinṣin, ẹ ṣí fóònù, ẹ wá kọ́sítọ́mà márùn-ún tó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti rí gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Màmá Ìbejì, àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi télọ̀ yín ni, mo ní kí n kí yín ni o." Ẹ má fi ọjà kankan kún un. Ẹni méjì á dáhùn pé àwọn ti ń rò ó láti wá, ẹnì kan á ní òun ò lówó, ẹ ní kò burú, ìkíni lásán ni. Ẹnì kan á ní òun ti kó lọ sí Ṣágámù. Ẹ bi í pé ta ló gba ilé ẹ̀.